Ilẹ̀kùn ófùn mi ti tì pa, kò ṣí mọ́, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Oníkéèkì Apáàkẹ́ (Tọ́sìdé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má bínú pé mo gbé wàhálà wá lásìkò tí kálukú fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ ló dójú ẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí mo máa gbà mọ́. Ófùn oníná kan ni mo ní, tòkunbọ̀, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, mo ti lò ó tó ọdún méjì kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Mo gba iṣẹ́ kéèkì ìkómọ mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ wá gbé láàárọ̀ Sátidé, mo wá rò ó pé kí n kọ́kọ́ fọ inú ófùn nítorí bọ́tà àti ṣúgà tó ti jó mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ látìgbà ọdún, kò sí kéèkì tí mo gbé síbẹ̀ tí kì í gba òórùn èéfín. Ni mo bá yí i sí self-clean, èyí tó máa ń fi ooru jó ìdọ̀tí inú ara ẹ̀ di eérú. Ilẹ̀kùn dún kọ́, ó tì, iná pupa kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàn. Kò tíì tó wákàtí méjì ni wọ́n mú iná lọ. Aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ yìí ló tó dé, aago iwájú ẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú 0:00 0:00, ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo ti tẹ gbogbo bọ́tìnnì, mo ti pa súìṣì ara ògiri mo tún tàn án bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ibì kan náà ló wà. Ara ẹ̀ ti tutù o, mo fọwọ́ kàn án. Bàbá àwọn ọmọ ti mú ọ̀bẹ wá pé àwọn á tu ú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n ni. Sátidé ló ń bọ̀ yìí, mo sì ti gba owó àwọn olówó.

Ọmọ Under G (9:52)

Àǹtí ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ilé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀, wáyà háńgà la lò, a tẹ orí ẹ̀ bí ìkọ́, a tì í bọ àlàfo òkè ilẹ̀kùn títí ó fi gbá irin tó kọ́ ọ mú, a fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé.

Bàbá Réwáyà Sábó (10:05)

Ìyá wa, ẹ kú ìnira. Ẹ dákun ẹ gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ti háńgà ṣì dúró ná. Àbúrò ò parọ́, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀nà nìyẹn, ibẹ̀ kọ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì ilẹ̀kùn ófùn, irú èyí tí wọ́n fi iná mú le ni, ó ń gbé ooru, ó ń gbé ẹrù, àmọ́ tí irin bá fi lè gún un létí níbì kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ ló máa tú wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí iyọ̀. Mo ti bá oníbàárà kan gbá irú ẹ̀ nílẹ̀ rí, ó lé lóṣù méjì ká tó rí òmíràn tó bá a mu.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Kéèkì yín, bóyá 180 dígíríì lẹ fi ń ṣe é. Self-clean yẹn ń gbé ófùn lọ sí nǹkan bíi 500. Téèyàn bá ṣí i lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé bá ọ̀rá tó ń jó, iná lè bù jáde síni lójú. Ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń ti ara ẹ̀ nìyẹn, bó bá ti ń sún mọ́ 300 ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tì, kò sì ní jọ̀wọ́ ẹ̀ àfi tí ooru bá sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, èyí sì lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá ti jó tán. Àmọ́ títutù nìkan kọ́ ló ń ṣí i, ibí yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Motor kékeré kan wà lókè níbẹ̀, kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ, òun ló ń yí irin tó kọ́ ilẹ̀kùn, iná ló sì ń jẹ. Tí iná ò bá sí, ófùn ì báà tutù bí omi àmù, kò sẹ́ni tó máa yí irin yẹn padà.

Ẹ dá mi lóhùn ohun méjì. Nígbà tí iná dé, ṣé ẹ kọ́kọ́ ṣe aago yẹn kó pé? Ófùn púpọ̀ ni kì í gbọ́ nǹkan tí ẹ bá sọ fún un tí aago bá ṣì ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé etí lé òkè iwájú ẹ̀, kí lẹ gbọ́? Ẹ má sì pa súìṣì mọ́, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pa á lọpọlọ ẹ̀ tún ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò látìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kíńńìrá (10:11)

Ẹ wò ó dáadáa bóyá kì í ṣe lọ́ọ̀kì ọmọdé ni wọ́n tẹ̀ o, èyí tó ń di bọ́tìnnì pa kí ọmọdé má baà tan ófùn. Tèmi náà ní àwòrán kọ́kọ́rọ́, àwọn ọmọ ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo bọ́tìnnì kú pátápátá, ìgbà tí mo di ibẹ̀ mú bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló tó padà sípò. Ilẹ̀kùn tèmi ń ṣí ṣá.

Ìyá Oníkéèkì Apáàkẹ́ (10:20)

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, mo di tèmi mú títí ọwọ́ fi ń dùn mí, kì í ṣe ìyẹn.

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ṣe aago rárá, 0:00 ni mo fi í sílẹ̀ sí. Mo ti ṣe é báyìí, mo tẹ èyí tó ń fagi lé iṣẹ́, mo sì yí èyí tí à ń yí sí òdo. Mo gbé etí lé e. Ó ń dún kírrrrr, ohùn ẹ̀ kéré bí ìgbà tí kòkòrò bá há sínú páálí, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á dákẹ́, tó bá ṣe díẹ̀ á tún dún. Ilẹ̀kùn ò mì.

Ìyá Amálà Tákíé (10:24)

Tèmi ti gáàsì ni, kò ní lọ́ọ̀kì kankan, ìgbà kan ṣoṣo tó há, ṣúgà ló dà sára rọ́bà tó sì gan, omi gbígbóná lórí aṣọ ni mo gbé lé e títí ó fi rọ̀. Kí Ọlọ́run bá yín ṣe é ma, mo mọ bí ó ti ń rí tí ọjọ́ oníbàárà bá ń sún mọ́.

Bàbá Réwáyà Sábó (10:37)

Kírrr yẹn dùn mọ́ mi nínú, ẹ má fòyà. Ohùn yẹn ló pín ọ̀nà sí méjì. Tí kò bá dún rárá, a jẹ́ pé ọpọlọ ẹ̀ ò tíì pàṣẹ, bóyá ó ṣì gbà pé inú ń gbóná, bóyá fíúsì ooru ti jó, tàbí kí motor fúnra ẹ̀ ti kú. Tó bá ń dún bí tiyín yìí, àṣẹ ti jáde, motor ń gbìyànjú, apá ẹ̀ ni ò ká a. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ń fa irin náà le, ó lè jẹ́ iná tí kò tó. Nínú ẹ̀ súìṣì kéékèèké wà tó ń sọ fún ọpọlọ pé irin ti dé ibi tó yẹ, tí kò bá rí i pé ó dé, á sinmi, á tún gbìyànjú, ohun tó fi ń dún tó ń dákẹ́ nìyẹn.

Ṣé ẹ ní stabilizer kankan nílé tó ń fi nọ́ńbà fóòtì hàn, ìyẹn bí iná ṣe lágbára tó? Kí ló kà?

Ìyá Oníkéèkì Apáàkẹ́ (10:41)

Ti fíríìjì wà. Nọ́ńbà tó gbà wọlé jẹ́ 158. Ó ń lọ ó ń bọ̀, ó wá sí 151 báyìí.

Bàbá Réwáyà Sábó (10:44)

Ẹ ò rí i. 230 ló yẹ kó gbà. Gbogbo àdúgbò ń pọn omi, wọ́n ń lọ aṣọ, torí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ fi í sílẹ̀ báyìí, ẹ má jẹ́ kó máa fipá yí, á gbóná jù.

Ẹ̀gbọ́n Arówómọlẹ̀ (10:58)

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un nítorí ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Tiyín ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, iná wọn bá tiwa mu. Èyí tí mo rà, Amẹ́ríkà ló ti wá, ó tóbi, ó ní kúkà mẹ́rin lórí, inú mi dùn. Ẹni tó bá mi so ó, èrò ẹ̀ ni pé ófùn 240 ni, ilé wa náà 240 ni, ó tán. Kò tán. Ní Amẹ́ríkà wáyà méjì ló ń gbé 240 wọlé, àárín ẹ̀ ni wọ́n ti ń fa wáyà kẹta, láti orí ọ̀kan sí àárín yẹn 120 péré ni. Ooru ń lo 240, ṣùgbọ́n aago, gílóòbù inú ẹ̀, àti motor lọ́ọ̀kì yìí, 120 ni wọ́n ń lò. Ó gbé 240 wa lé wọn lórí. Gílóòbù kọ́kọ́ tàn bí oòrùn ó bẹ́, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo tan self-clean ilẹ̀kùn tì, èéfín kékeré kan jáde lókè, ó parí. Motor yẹn ti dúdú bí èédú nígbà tí a tú u, èmi ni mo dì í mú lọ́wọ́, wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ra.

Ẹlòmíràn ló wá bá mi fi ẹ̀rọ tó ń pín iná sí 120 méjì sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí, àmọ́ aago ẹ̀ ń falẹ̀, wákàtí kan ó máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n ní iná tiwọn ń gbọ̀n nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 ni tiwa, gbígbọ̀n yẹn ni aago fi ń ka ìṣẹ́jú.

Bàbá Réwáyà Sábó (11:09)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjálù. Kí ẹ tó sùn, ẹ bi ẹni tó bá yín ṣe é léèrè ohun kan: páànù kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn òmíràn nínú ófùn Amẹ́ríkà, níbi tí wáyà ti ń wọlé, tó so wáyà àárín mọ́ ara ófùn. Tí wọn ò bá yọ ọ́ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn sí i, ara ófùn lè máa gbé 120 kiri, ẹni tó bá fọwọ́ tútù kàn án ló máa mọ̀ ọ́n. Ara ófùn gbọ́dọ̀ ní wáyà tiẹ̀ tó lọ sínú ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn títí ẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n Arówómọlẹ̀ (11:12)

Mo ti pa á níbi bíréékà báyìí. Iyàwó mi máa ń sọ pé ó ń ta òun, mo rò pé omi ọwọ́ ẹ̀ ni. Ọlọ́run ṣeun.

Ọmọ Ínjìnnì LAUTECH (11:20)

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ sensor? Òun ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù, ìyẹn ọpọlọ ófùn, bí inú ṣe gbóná tó, tó bá ti bàjẹ́, ófùn lè tutù kó ṣì máa rò pé 400 ni òun wà. Tẹ́ ẹ bá ní mítà táwọn oníná fi ń yẹ wáyà wò, ẹ pa iná, ẹ yọ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Irú tó wọ́pọ̀ ń ka 1000 ohm ní òdo dígíríì, ó ń fi bíi 3.9 lé e ní dígíríì kọ̀ọ̀kan, nínú ooru wa tó tó 30 yìí ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 1117. Tí mítà ò bá kà nǹkan kan, wáyà inú ẹ̀ ti já. Kì í ṣe gbogbo ófùn ló ń lo irú yẹn, ẹ wo ìwé tiyín.

Bàbá Réwáyà Sábó (11:26)

Ọmọ mi, o ṣeun, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ wo tìyá wa dáadáa: bọ́ọ̀dù ti ní kí motor yí. Tó bá gbà pé inú ń gbóná, kò ní pàṣẹ yẹn rárá. Torí náà sensor ò jẹ̀bi níbí, ká má lọ tú ohun tí kò bàjẹ́.

Ìyá wa, ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ sùn. Láàárọ̀ kùtù tí gbogbo èèyàn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo stabilizer, tó bá ti kọjá 200 ẹ gbìyànjú. Tí kò bá gòkè, ẹ lo jẹnẹrétọ̀. Kódà èyí tó kéré gan-an lè ṣe é, nítorí ooru kọ́ lẹ fẹ́ tàn, motor àti fáànù péré ni, àmọ́ ẹ má gbàgbé o, ẹ má yí i sí ooru rárá, òdo ni kó wà. Ìta gbangba ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, kó jìnnà sí fèrèsé, kì í ṣe ẹ̀yìn kíṣìnì, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn sójú oorun. Ẹ ṣe aago kó pé, ẹ fagi lé iṣẹ́. Ní kété tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ kírrr, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé etí òkè ilẹ̀kùn, níbi tó jẹ́ irin, ẹ tì í SÍNÚ. Kì í ṣe síta. Gbogbo wa la máa ń fà á, fífà yẹn ló ń mú kí irin fún mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá tì í wọlé díẹ̀, irin á rí àyè yí.

Ìyá Amálà Tákíé (11:31)

Àtẹ́lẹwọ́ sínú. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Àbúrò Ọlọ́jà Igbó (11:48)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá máa lo self-clean yìí tó ní ẹyẹ nílé, ẹ gbé ẹyẹ jáde o. Bàbá wa ní ayékòótọ́ kan tí wọ́n ti ń sìn ṣáájú kí wọ́n tó bí mi, tó máa ń kí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Páànù tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ ni wọ́n gbàgbé sínú ófùn nígbà tí wọ́n tan èyí, ọ̀dà dúdú inú páànù yẹn tó bá gbóná jù, èéfín ẹ̀ ń pa ẹyẹ. Wákàtí kan ò pé ó ti ṣubú kúrò lórí igi ẹ̀. Àwa èèyàn, ojú kàn ta wá ni. Ẹ kó gbogbo nǹkan jáde nínú ẹ̀, páànù, irin tí à ń gbé nǹkan lé, fọ́ìlì, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ọmọ Under G (Fúráídé, 12:06 òru)

Bàbá Réwáyà, tí kò bá wá ṣí láàárọ̀ ńkọ́? Nígbà wo la tó lè lo háńgà?

Bàbá Réwáyà Sábó (5:35 àárọ̀)

Mo ti sùn. Tí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ pa iná pátápátá níbi bíréékà, kì í ṣe súìṣì nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ti tutù. Èèyàn méjì ni kó fa ófùn jáde, ó wúwo, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nítorí etí páànù ẹ̀yìn ń géni bí abẹ. Ẹ tú páànù òkè tàbí ti ẹ̀yìn, ẹ ó rí motor yẹn pẹ̀lú apá irin gígùn kan tó lọ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ẹ fi ọwọ́ tì í jẹ́jẹ́ sí ibi tó ti ń ṣí. Ó máa ń sún. Èyí dáa ju háńgà lọ, ojú ń rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹ sì ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ìyá Oníkéèkì Apáàkẹ́ (7:15 àárọ̀)

Ó ṢÍ O! Ẹ bá mi yọ̀!

Aago márùn-ún kọjá ogún ni mo jí, stabilizer ka 171, mi ò fẹ́ dúró mọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn ará ilé kejì, wọ́n bá wa gbé jẹnẹrétọ̀ wọn sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ṣe aago, mo fagi lé e, Bàbá àwọn ọmọ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, èmi gbé etí lé e. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn ẹ̀ yàtọ̀, ó le, ó ń lọ geere, kírrr, kírrr, kọ̀! Iná pupa kú. Mo rọra fà á, ó wálẹ̀.

Nígbà tí mo tanná sí i, rọ́bà àyíká ẹ̀, igun òkè lápá ọ̀tún, ìkọ́ kékeré tó mú un ti yọ kúrò nínú ihò ẹ̀, rọ́bà wá ká lé ara ẹ̀ bí etí aṣọ tí wọn ò lọ̀ dáadáa. Òun ló ń ti ilẹ̀kùn síta. Mo fi ìka tì í padà sínú ihò ẹ̀, ó dúró. Nísàlẹ̀, gbogbo bọ́tà yẹn ti di eérú funfun, kìkì etí ló kù díẹ̀ tó ṣì dúdú nítorí iná tó lọ. Aṣọ tútù ni mo fi nù ún.

Bàbá, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ṣé kí n tún tan án kó jó ìyókù?

Bàbá Réwáyà Sábó (7:28)

Mo yọ̀ fún yín gan-an. Ẹ má tan án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ooru 500 yẹn, ara ófùn fúnra ẹ̀ ni ó ń dán wò, fíúsì ooru àti bọ́ọ̀dù sábà máa ń lọ níbẹ̀, èmi ò ní jẹ́ kí oníbàárà mi tan án nígbà tí ọdún tàbí ìnáwó bá ti kù díẹ̀. Ìyókù yẹn, ẹ po baking soda pẹ̀lú omi kó ki bí ẹ̀kọ, ẹ fi pa á lálẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ tán, kó sùn níbẹ̀, ẹ nù ún láàárọ̀. Kó má kan rọ́bà, ẹ má sì fi kànrìnkàn ha rọ́bà yẹn láéláé. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ lo self-clean, kó jẹ́ ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e wà nílé tàbí tí iná bá ti dúró ṣinṣin.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ilé Sóún (Sátidé, 8:03 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka gbogbo ẹ̀ látòkè. Tèmi ò dún rárá, mo gbé etí lé e títí. F àti nọ́ńbà kan ló kàn ń gbé jáde níwájú, ilẹ̀kùn ti tì láti ọjọ́ Ajé, ìyá mi ò rí ibi yan ẹran.

Bàbá Réwáyà Sábó (8:20)

Tìrẹ yàtọ̀ sí ti ìyá wa, máà ti ilẹ̀kùn. Wá ìwé tó bá ófùn wá, nọ́ńbà F yẹn máa ń wà nínú ẹ̀, ó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Pa bíréékà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tún tàn án, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí F bá padà, bá ọmọ LAUTECH sọ̀rọ̀ kó gbé mítà ẹ̀ wá wọn sensor, tìrẹ ló jọ pé ó kàn. Tó bá ka nǹkan bíi 1110, pè mí, a jẹ́ pé motor la máa wò.

Ọmọ Ínjìnnì LAUTECH (8:26)

Mo ní kíláàsì títí di aago méjì, mo máa wá lẹ́yìn ẹ̀. Fi àdúgbò ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Oníkéèkì Apáàkẹ́ (9:10)

Wọ́n ti gbé kéèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Kò gba òórùn èéfín rárá. Bàbá Réwáyà, ẹ rán ọmọ kan sí mi lọ́sàn-án yìí, mo gé tiyín sọ́tọ̀.